Orí Keje: Ìṣẹ́jú Àáyá Mẹ́rìndínlógún

Fóònù inú àpò Ìbídùnní bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n ní aago mẹ́wàá àárọ̀ ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, nínú gbọ̀ngàn tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mú fóònù wọ̀. Ó fi ìgbọ̀nwọ́ tẹ̀ ẹ́ pa. Kò pẹ́, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ìbídùnní wo ọ̀tún, ó wo òsì. Àwọn agékúrú méjìlá yòókù tẹrí ba sórí tábìlì wọn, kálukú pẹ̀lú òrùka àlùmọ́gàjí ní ìka, wọ́n ń gé ẹ̀kọ́ ọmọ ọlọ́mọ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́.

Àbí kí ni ká pe iṣẹ́ wọn? Fídíò ẹ̀kọ́ á wọlé láti ilé àwọn ayàwòrán ní ìṣẹ́jú mẹ́jọ, nígbà mìíràn mẹ́wàá. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, á jáde ní ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ géérégé, torí òfin ò gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìbídùnní ló mọ̀ ọ́n gé jù nínú wọn. Ogun Kírìjì tí àwọn baba wa fi ọdún mẹ́rìndínlógún jà, òun ló gé e tó fi wọnú ìṣẹ́jú kan ààbọ̀, tí ọmọ ọdún méje sì lè sọ ẹni tó bá ẹni jà àti ìdí tí wọ́n fi jà. Bí òjò ṣe ń rọ̀, bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń yí ara ká, bí a ṣe ń pín ọsàn mẹ́jọ fún ọmọ mẹ́ta láìsí ìjà: òun ló gé gbogbo ẹ̀. Ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́ o. Àwọn ọmọ tó jẹ́ pé olódo ni wọn ì bá pè wọ́n láyé àtijọ́ ti di ẹni tó ń rérìn-ín nínú kíláàsì. Ìbídùnní gba iṣẹ́ náà gbọ́ tọkàntọkàn.

Nígbà tí fóònù gbọ̀n lẹ́ẹ̀kẹta, ó dìde, ó na ọwọ́ mú ikùn bí ẹni inú ń run, ó sì gba ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lọ.

"Ìbídùn, ṣé ìwọ nìyẹn?"

Ohùn yẹn! Ogún ọdún kò tíì tó láti gbàgbé ẹ̀. Tíṣà Adéṣínà ni, obìnrin tó kọ́ ọ ní kíláàsì kẹrin nígbà tí èèyàn ṣì ń fi ẹnu kọ́ ọmọ. Nísinsìnyí, agogo ló ń lù ní ilé-ẹ̀kọ́ Àbà Ọ̀gẹ̀dẹ̀. Gbogbo tíṣà ló di alágogo. Wọn á lu agogo, wọn á ṣí ilẹ̀kùn, wọn á gbálẹ̀. Ògiri ni yóò kọ́ ọmọ.

"Ẹ káàárọ̀ mà. Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, wọn ò gbọdọ̀ gbọ́ pé mo mú fóònù..."

"Ta ló gé láfún?"

"Láfún wo, mà?"

"Láfún tí Ọ̀kẹ́rẹ́ ń ṣe lára ògiri. Mo ní ta ló gé e?"

Ọ̀kẹ́rẹ́ ni àwòrán tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ẹ̀kọ́, oníbàtà pupa, onírù bí ìgbálẹ̀. Ìbídùnní tilẹ̀ rẹ́rìn-ín díẹ̀. Láfún yẹn, ìṣirò wà nínú ẹ̀, ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì wà nínú ẹ̀, ọ̀rọ̀ oúnjẹ wà nínú ẹ̀. Ojú mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ni kò kúrò lára ẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ dópin. "Èmi ni, mà," ó ní.

"Àwa ṣe tiwa lánàá, torí àná ni ọjọ́ omi wa, tí wọ́n ń tú omi sílẹ̀ fún wa. Ọmọ mọ́kànlá ló ń bì láti àná. Ṣẹ̀gílọlá ò lè fẹsẹ̀ tẹlẹ̀ mọ́. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, Ìbídùn. Mo wà nílé ìwòsàn lọ́dọ̀ ẹ̀ báyìí. Dókítà ní ẹ̀gẹ́ ni."

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu Ìbídùnní. "Àná kẹ̀? Ṣé ẹ ò fi tó ìjọba létí ni?"

"Mo fi tó wọn létí. Àwòrán mẹ́rin ló wà lára ẹ̀rọ tí wọ́n fún wa láti fi ké sí wọn: oòrùn, ẹ̀ṣẹ́, ẹ̀jẹ̀, iná. Èwo ni kí n tẹ̀ fún èébì? Mo tẹ oòrùn. Wọ́n fi fáànù méjì ránṣẹ́." Ó mí kanlẹ̀. "Jẹ́ kí n bi ọ́. Ọjọ́ mélòó ni Ọ̀kẹ́rẹ́ ní kí wọ́n fi ẹ̀gẹ́ sómi?"

Ìbídùnní pa ojú dé. Ó ń wo fídíò náà nínú orí ara ẹ̀: Ọ̀kẹ́rẹ́ bó ẹ̀gẹ́, Ọ̀kẹ́rẹ́ kọ orin, ẹ̀gẹ́ wọ inú omi pọ̀ọ̀, ẹ̀gẹ́ jáde nínú omi, ó wọ inú ẹ̀rọ tó ń mú nǹkan gbẹ. Láàárín wíwọ̀ àti jíjáde, kò sí ohunkóhun. Ọwọ́ òun ló wà níbẹ̀.

Ó wá rántí. Ọgbọ̀n ọmọ ni wọ́n kọ́kọ́ fi fídíò náà dán wò. Bí wọ́n ti ń wò ó, ni Aṣọ́jú ń kà wọ́n láti orí ògiri, ẹ̀rọ tí kì í ṣẹ́jú, tó ń ka ojú ọmọ tó ń wòran àti ojú ọmọ tó ti lọ. Bí ojú tó ń wò kò bá tó ọgọ́ta mọ́ nínú ọgọ́rùn-ún, ògiri á fò lọ sí ẹ̀kọ́ mìíràn fúnra ẹ̀. Ibi rírẹ ẹ̀gẹ́ ni ojú àwọn ọmọ ti já bọ́. Kí ló sì fẹ́ mú wọn wò ó? Omi ni. Ẹ̀gẹ́ ni. Ọjọ́ kìíní, omi àti ẹ̀gẹ́. Ọjọ́ kejì, wọ́n pààrọ̀ omi, omi àti ẹ̀gẹ́ náà ni. Ọmọ kan yán tó bẹ́ẹ̀ tí gbogbo eyín ẹ̀ hàn. Ìbídùnní sì fi òrùka gé e dànù, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rìndínlógún, bí ẹni ń gé èékánná. Kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Láti kékeré, inú páálí ni òun náà ti ń rí láfún.

Bẹ́ẹ̀, ẹ̀gẹ́ ayé ìsinsìnyí kì í ṣe ẹ̀gẹ́ tí àwọn ìyá wa ń sun jẹ lóko. Ọ̀dá ti pa ìyẹn run. Èyí tí ìjọba pín, oòrùn ò lè ṣe é ní nǹkan kan, ṣùgbọ́n májèlé inú ẹ̀ pọ̀, àfi kó lo ọjọ́ mẹ́rin gbáko nínú omi.

"Tíṣà," ó ní, "ẹ̀yin wà níbẹ̀. Ẹ mọ̀ ọ́n ṣe. Ṣé ẹ ò rí wọn ni?"

Ìbídùnní gbọ́ tí Tíṣà jáde síta, tó sì ti ilẹ̀kùn.

"Mo rí wọn," Tíṣà wí. "Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú agogo lọ́wọ́. Mo rí i tí wọ́n yọ ẹ̀gẹ́ nínú omi ní kíá, mo mọ̀ pé kò tíì rẹ. Mo panu mọ́. Ìwọ náà ṣáà mọ ohun tí wọ́n ṣe fún alágogo Ìsàlẹ̀ Àpáta, tó ṣàlàyé ìsọdipúpọ̀ fún ọmọ kan péré. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Mo wà lọ́jà, Ìbídùn. Orí wọ́ lójú mi." Ó bú sẹ́kún.

Ìbídùnní jókòó sórí ilẹ̀ tútù. Òní ni ọjọ́ omi fún gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ yòókù. Igba ilé-ẹ̀kọ́, ọmọ ọ̀kẹ́ méjì. Láti aago mẹ́jọ ni wọ́n ti ń bó ẹ̀gẹ́. Tó bá fi máa di aago méjìlá ọ̀sán, wọn á ti rò ó, wọn á sì jókòó tì í.

"Kò sí ẹni tó máa fọhùn níbì kankan o," Tíṣà ní, bí ẹni pé ó gbọ́ ohun tó ń rò. "Gbogbo àwa alágogo la ti kọ́ ìdákẹ́. Ìwọ lo gé e, ìwọ ni kóo wá nǹkan ṣe sí i."

*

Ọ̀gá Oyèwùsì, olórí àwọn agékúrú, kì í ṣe èèyàn burúkú. Bí ó bá jẹ́ èèyàn burúkú ni, ọ̀rọ̀ ì bá rọrùn. Ó fetí sí i láìjá lù ú, ó bu omi tútù sí kọ́ọ̀bù fún un, ó sì fọwọ́ pa irùngbọ̀n ẹ̀.

"Láti fa fídíò padà, èdìdì mẹ́ta ni," ó ní. "Tèmi, ti alága ẹ̀ka, ti kọmíṣọ́nà. Bí mo bá kọ lẹ́tà báyìí, tí gbogbo ẹ̀ bá sáré, ọjọ́ mẹ́ta."

"Wákàtí méjì péré ló kù, sà."

"Mo gbọ́."

"Ẹ jẹ́ ká pe àwọn alágogo lọ́kọ̀ọ̀kan nígbà náà. Kí wọ́n kàn da oúnjẹ yẹn nù."

"Pẹ̀lú ẹnu wo? Ẹni tó bá la ẹnu sọ fún ọmọ pé ohun tí ògiri kọ́ ọ kò rí bẹ́ẹ̀, ó ti rú Òfin Ẹnu. Tí èmi bá pàṣẹ ẹ̀, mo ti rú u lọ́nà igba." Ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì sórí tábìlì. "Ìbídùnní, ìwọ náà mọ ìdí tí wọ́n fi ṣòfin yẹn. Nígbà tí tíṣà kọ̀ọ̀kan ń kọ́ ọmọ ní ohun tó bá wù ú, tí ọmọ ń ti ilé-ẹ̀kọ́ bọ̀ wá sọ pé ará abúlé kejì kì í ṣe èèyàn, ta ló kó òkú? Èmi wà lára àwọn tó kó o."

"Mi ò sọ pé òfin ò dáa, sà. Mo ní oúnjẹ yẹn máa pa wọ́n."

"Bóyá bẹ́ẹ̀ ni, bóyá bẹ́ẹ̀ kọ́. Ọmọ mọ́kànlá bì. Ìyẹn ò ní kí gbogbo wọn bì. Ẹ̀gẹ́ ibòmíràn lè má le tó tibẹ̀." Ó rẹ ohùn ẹ̀ sílẹ̀. "Àwọn tó ń fẹ́ kí pàṣán padà ń ṣọ́ wa. Tí wọ́n bá gbọ́ pé fídíò wa fi májèlé bọ́ ọmọ, wọn á fọ́ gbogbo ògiri yẹn kó tó di ọdún Iléyá. Ṣé ohun tóo fẹ́ nìyẹn? Ìwọ?"

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ ọ́ lára, torí Ọ̀gá mọ̀ nípa ojúgun ẹ̀. Àpá mẹ́ta wà níbẹ̀, gígùn ìka kọ̀ọ̀kan, látọjọ́ tí Tíṣà Adéṣínà ní kó ka ìsọdipúpọ̀ ti méje tí kò lè kà á. Tíṣà yẹn náà, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sunkún sí i létí. Nítorí àpá mẹ́ta yẹn ni Ìbídùnní ṣe fẹ́ràn ìṣẹ́jú kan ààbọ̀. Kí ọmọ kan má tún jókòó kí ó máa gbọ̀n níwájú ohun tí kò yé e. Kí ẹ̀kọ́ máa dùn, kó sì kúrú.

"Padà sídìí iṣẹ́ ẹ," Ọ̀gá ní. "Màá kọ lẹ́tà náà. Kí Ọlọ́run bá wa dá sí i."

Ó jáde. Ẹsẹ̀ ẹ̀ ń gbé e lọ sídìí tábìlì, ó sì jókòó níbẹ̀ lóòótọ́, ó wọ òrùka. Fídíò tuntun wà níwájú ẹ̀, bí a ṣe ń so okùn mọ́ ọrùn màlúù. Aago mọ́kànlá lù. Ó gé ìṣẹ́jú kan dànù, kò mọ ohun tó gé. Ọkàn kan ń sọ fún un pé Ọ̀gá ti gbọ́, ọrùn Ọ̀gá ló wà báyìí. Ọkàn kejì ń ka orúkọ ọmọ tí kò mọ̀. Bí a bá sọ̀kò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá. Òun kò lọ́mọ, kò lábúrò, síbẹ̀ ó ń ṣe é bí ẹni pé gbogbo ọ̀kẹ́ méjì yẹn ló ń pe òun ní ìyá. Ó làágùn. Ó tún nu ojú.

Nígbà tó di aago méjìlá ku ogún ìṣẹ́jú, ó dìde.

*

Yàrá Àgbàrá wà lókè pátápátá, yàrá kótópó kan tí wọ́n fi ń kéde fún gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ lẹ́ẹ̀kan náà bí omi bá ń bọ̀. Èdìdì agékúrú àgbà bíi tiẹ̀ lè ṣí i. Ìbídùnní ti ilẹ̀kùn mọ́rí, ó sì fi àga dí i.

Ẹ̀rọ náà tan. Ó bi í léèrè ìkéde tó fẹ́ ṣe: ÀGBÀRÁ. ÌJÌ. INÁ. Kò sí ẹ̀gẹ́ níbẹ̀. Ó ronú pé kí ó kàn tẹ àgbàrá. Ọ̀kẹ́rẹ́ á pariwo, àwọn ọmọ á sá gun òkè, gbogbo wọn á là. Lẹ́yìn náà wọn á sọ̀ kalẹ̀, ebi á ti pa wọ́n dáadáa, oúnjẹ á sì wà lórí iná tó ń dúró dè wọ́n. Rárá o.

Nísàlẹ̀ pátá, àmì kan wà tó ti ṣá: ÈÈYÀN. Ó tẹ̀ ẹ́. Ìkìlọ̀ pupa jáde. *Òfin Ẹnu. Ọdún méje ní Ibùdó Ìdákẹ́. Ṣé o gbà?*

Ibùdó Ìdákẹ́! Ó mọ obìnrin kan tó tibẹ̀ dé. Wọ́n kí i pé ẹ kú àbọ̀, ó ń wo ẹnu wọn bí ẹni pé nǹkan kan fẹ́ jáde níbẹ̀ bù ú jẹ. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ ẹ̀, ẹ̀rọ gbohùngbohùn kékeré kan wà tí eruku bò, èyí tí wọ́n ń lò nígbà tí ọmọ ṣì ń béèrè ìbéèrè. Ó fi ìka fa ìlà sínú eruku náà. Aago méjìlá ku ìṣẹ́jú méje.

Ó gbà.

Ní igba ilé-ẹ̀kọ́, orin dákẹ́ lára ògiri, ojú obìnrin kan sì yọ níbẹ̀, gèlè orí ẹ̀ ti wọ́, imú ẹ̀ ń dán fún òógùn. Níwájú Ìbídùnní, Aṣọ́jú bẹ̀rẹ̀ sí í ka iye ojú tó ń wò ó nínú ọgọ́rùn-ún. Mọ́kànlélọ́gọ́rin.

"Ẹ káàárọ̀, ẹ̀yin ọmọ. Orúkọ mi ni Ìbídùnní. Èmi kì í ṣe àwòrán, èèyàn ni mí." Àádọ́rin. Wọ́n ti ń wo ara wọn. "Mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀gẹ́. Ẹ̀gẹ́ tí ẹ ń lò ní láti wà nínú omi fún ọjọ́ mẹ́rin, kí ẹ sì máa pààrọ̀ omi rẹ̀..."

Mẹ́rìndínláàádọ́rin. Mẹ́tàlélọ́gọ́ta. Ọlọ́run mi o! Ibẹ̀ náà ni. Ibi tó sú ọgbọ̀n ọmọ yẹn náà ló tún ń sú wọn. Mọ́kànlélọ́gọ́ta. Bí ojú méjì bá tún kúrò, ògiri á fò, Ọ̀kẹ́rẹ́ á padà, òun á sì ti lọ sí Ibùdó Ìdákẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó tò jọ sórí fò lọ.

"Mo ṣe àṣìṣe," ló bọ́ lẹ́nu ẹ̀.

Ojú kan padà. Òmíràn tún padà.

"Fídíò láfún tí ẹ wò, èmi ni mo gé e. Mo gé ibi tó sú àwọn ọmọ tó kọ́kọ́ wò ó. Ibẹ̀ gan-an ni májèlé ti ń jáde nínú ẹ̀gẹ́, mo sì gé e dànù, torí pé mo fẹ́ kí ẹ máa rẹ́rìn-ín." Ó ń sunkún báyìí, kò sì nu ún. Àádọ́rin. Ọgọ́rin. Àwọn ọmọ wọ̀nyí kò rí àgbàlagbà kan rí lára ògiri tó ní òun kò mọ nǹkan ṣe. "Ọmọ kan tó ń jẹ́ Ṣẹ̀gílọlá jẹ ẹ́ lánàá. Ó dùbúlẹ̀ nílé ìwòsàn nítorí èmi. Oúnjẹ tó wà níwájú yín, ẹ má tọ́ ọ wò. Ẹ má fún ajá jẹ. Ẹ gbẹ́ ihò, ẹ dà á sí i, ẹ bò ó. Ẹ̀yin alágogo, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin mọ̀ ọ́n. Ẹ bá mi sọ fún wọn. Tí wọ́n bá bi yín, ẹ ní èmi ni mo ní kẹ́ ẹ lanu."

Ọgọ́rùn-ún. Nọ́ńbà náà dúró síbẹ̀ gbọin. Ogójì ìṣẹ́jú àáyá ló kù fún un nínú ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ òfin, kò sì ní ohun mìíràn láti sọ. Ó kàn jókòó, ó ń wo ẹ̀rọ, ọ̀kẹ́ méjì ọmọ náà ń wò ó, kò sí orin, kò sí ohun kan tó ń mi. Ojú kankan ò kúrò.

Ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ pé, ìmọ́lẹ̀ ẹ̀rọ náà kú.

Fóònù gbọ̀n nínú àpò ẹ̀. Tíṣà ló kọ̀wé: *Mo ti gbọ́ ohun tóo ṣe. Ṣẹ̀gílọlá ti mu ẹ̀kọ díẹ̀. Kò tíì lè dìde.* Ìbídùnní kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn, ó gbọ́ ẹsẹ̀ tó ń gùn bọ̀, ó tó ẹni mẹ́rin, ó gbọ́ ohùn Ọ̀gá Oyèwùsì tó ń pe orúkọ ẹ̀ bí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀.

Nígbà náà ni ẹ̀rọ gbohùngbohùn inú eruku yẹn tan. Ó kùn díẹ̀, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, ohùn ọmọbìnrin kékeré kan sì jáde níbẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ìyá alágogo wa ló fi bọ́tìnì yìí hàn mí. A ti dà á nù o. A ti bò ó mọ́lẹ̀."

"O ṣeun, ọmọ mi. Ẹ ṣeun gan-an."

Ọmọ náà kò lọ. Ìbídùnní ń gbọ́ bó ṣe ń mí. "Ebi ń pa wá, mà," ó ní. "Ọjọ́ mẹ́rin tí ẹ sọ yẹn, ó ti pẹ́ jù. Ṣé ẹ ò lè bá wa gé e kù díẹ̀ ni?"

Wọ́n ti ń fi èjìká sún ilẹ̀kùn láti ìta. Àga tó fi dí i ń fà lórí ilẹ̀. Ìbídùnní bọ́ òrùka àlùmọ́gàjí kúrò ní ìka, ó gbé e sórí tábìlì, ó sì fẹnu sún mọ́ ẹ̀rọ náà.

"Kò ṣe é gé, ọmọ mi," ó ní. "Ẹ ní láti dúró dè é ni."

"Gbogbo ẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀."

Iná kejì tan lára ẹ̀rọ náà, ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn. Ẹ̀kẹta tan, ẹ̀kẹrin tan, títí ó fi di pé kò rí àyè tí kò tàn mọ́. Ó mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń dá wọn lóhùn, títí ilẹ̀kùn fi ṣí.